Má Fi Adé Dé Ìyá Náà Lórí

Òǹkàwé wa kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó kọ̀wé pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ onídán kan ni mò ń kọ lọ́wọ́, nípa ìdílé ahunṣọ ńlá kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde láyé àtijọ́. Ìyá àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Yèyé ló ń darí ilé náà, àtọkùnrin àtobìnrin, àtọmọ àtìyàwó. Aṣọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ikú kì í rí ẹni tó bá dà á bora. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti kà á ní àwọn ò gbà á gbọ́, pé ọkùnrin ní í jẹ́ olórí ẹbí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ṣé kí n kúkú fi í jọba ni? Àbí kí n sọ ọ́ di àjẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ lè bani? Ṣé dandan sì ni kó kú níparí?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Òótọ́ ni pé ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́ olórí ẹbí lọ́dọ̀ wa, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú kí ìtàn rẹ má wọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lára. O sọ fún wọn pé Yèyé ló ń darí gbogbo ilé, o kò sọ ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí agbo-ilé ti rí i rí: olórí ẹbí á jókòó sórí àga ńlá, á gbé ọ̀pá lọ́wọ́, síbẹ̀ á kọ́kọ́ yọjú wo igun tí ìyá arúgbó kan jókòó sí kó tó la ẹnu. Bí ìyá yẹn ṣe dé igun náà, tí ojú olórí ẹbí fi ń lọ síbẹ̀, ni iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ.

Ti adé, rárá. Bí o bá fi í jọba, ìtàn ààfin lo ń kọ nìyẹn. Òǹkàwé Ìjẹ̀bú á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ pé ìdílé wo ló kàn. Ìdílé ọba mẹ́rin ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde: Gbẹlẹgbùwà, Aníkìnáyà, Fúsẹ̀ngbùwà àti Fìdípọ̀tẹ̀. Àwọn afọbajẹ wà, ìwé òfin wà, àríyànjiyàn sì wà. Láti ìgbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà ti wàjà ní oṣù keje 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, ta ni kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ta ló kàn? Agbára ìyá ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Afọbajẹ kankan kò yàn án, nítorí náà kò sí ẹni tó lè rọ̀ ọ́ lóyè. Wọn ò yan ọjọ́ kankan fi í jẹ. Àwọn ará ilé kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé àwọn kì í ta ilẹ̀ mọ́, àwọn kì í gbéyàwó mọ́, àwọn kì í sìnkú mọ́, àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìbéèrè tí o kò bi mí ló ṣe pàtàkì jù: ọmọ ilé ni Yèyé, àbí ìyàwó ilé? Mo ka lẹ́tà rẹ títí, n kò rí i. Ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bó bá jẹ́ ọmọ ilé, ọ̀nà là fún un ju bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣe rò lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò rí bí Ọ̀yọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. P. C. Lloyd, tó ṣèwádìí ẹbí àti ilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dọ̀ Ìjẹ̀bú ènìyàn lè fa ẹ̀tọ́ rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ìyá: oko, ilé, nígbà mìíràn oyè pàápàá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi lè ka ilé mẹ́rin, márùn-ún fún ọ pé gbogbo wọn ni ilé òun. Ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ kò tíì kúrò nílé bàbá rẹ̀. Bó bá padà wá di ọmọ-oṣú, inú yàrá rẹ̀ ló padà sí. Èkó náà kò jìnnà sí wa: nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ gbà pé bí Dáwódù, ọmọkùnrin àgbà tó gba ipò bàbá, bá ti kú, ọmọ olóògbé tó dàgbà jù láyé ló yẹ kó di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Fi ìyẹn pa ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ìtàn náà, ìyàwó ilé ni màá fi Yèyé ṣe.

Wò ó. Ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé yẹn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú agbo-ilé kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni, títí kan ọmọ ọwọ́ tó ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún un: Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínafẹ́, Akọ̀wé. Gbé e síwájú ní ọgọ́ta ọdún. Yèyé ti di ẹni tí ọba ń ránṣẹ́ kí. Aṣọ rẹ̀ ló ń gba ìlú là. Síbẹ̀ ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀mùtí, kò ní iṣẹ́, kò ní láárí, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi bí i ṣáájú ìgbéyàwó Yèyé. Ọkọ ni. Láràárọ̀ ni ìyá tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ń kúnlẹ̀ kí i. Má yọ ìkúnlẹ̀ yẹn kúrò o. Inú ìkúnlẹ̀ ni kí o ti fi agbára rẹ̀ hàn:

"Ìbàdíàrán, ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́."

"Ilẹ̀ ẹ̀bá yàrà tí ẹ fẹ́ tà yẹn, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́. Mo ti ní kí ẹni tó fẹ́ rà á wá gba owó rẹ̀. Ó ti gbà á. Ẹ máa bọ̀ wá jẹun."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi sọ gbogbo ìyẹn. Kò gbé ohùn sókè, kò pè é lórúkọ, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti fèsì. Òǹkàwé tó bá jẹ́ ìyàwó ilé á rẹ́rìn-ín, á sì pa ìwé dé fún ìṣẹ́jú kan.

Kí ló wá fún ìyàwó tó bọ́ sílé láìní nǹkan kan ní irú agbára bẹ́ẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn rẹ̀, o kàn sáré kọjá lára rẹ̀ ni: aṣọ. Nílẹ̀ wa, ọkùnrin a máa hun òfì tẹ́ẹ́rẹ́ níta gbangba, obìnrin a máa hun kíjìpá aláǹfẹ̀ lórí òfì ìdúró tó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni aṣọ olónà tí Ìjẹ̀bú-Òde fi lórúkọ. Ọwọ́ wọn ni ìtagbè ti ń jáde, èyí tí olóyè Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń fà lé èjìká, tí ṣakí rẹ̀ ń fì. Ọ̀nì, ejò àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára ọnà rẹ̀. Aṣọ yẹn gba ojú omi lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ijaw ní Niger Delta, tí àwọn náà sọ ọ́ di aṣọ ayẹyẹ. Nítorí náà, ìyá kan tó jókòó sídìí òfì nínú yàrá lè di ìwúyè ìlú mú. Bó bá ní owú kò tíì yá, owú kò tíì yá nìyẹn. Ta ló máa wọ inú yàrá obìnrin lọ yẹ òfì wò?

Idán rẹ ní àlébù kan tí màá fẹ́ kí o tún ṣe. O ní aṣọ Yèyé máa ń fi ènìyàn pa mọ́ fún ikú. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo kà nínú lẹ́tà rẹ, kò náni ní nǹkan kan, gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ ló ń rí gbà. Ìyá tó ń fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo nǹkan, ìyá rere ni. Ẹ̀rù rẹ̀ kò lè bani. Jẹ́ kí aṣọ kan gbà á ní ọdún kan gbáko. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ lé ní ọgọ́rùn-ún, aṣọ ẹyọ kan lọ́dún. Ta ni yóò hun tirẹ̀ fún lọ́dún yìí? Ta ló ti ń retí láti ọdún mẹ́wàá? Ta ló ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò ní kan òun láéláé? Láti ibẹ̀ lọ, o kò nílò láti kọ ọ́ pé "ẹ̀rù Yèyé ń bà wọ́n". Kọ ọmọkùnrin tó ń bá a pọnmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kọ ìyàwó tó sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí Yèyé fẹ́. Kọ ẹ̀gbọ́n tó ń ka okùn orí òfì lójú nígbà tó bá wọlé kí i, tó ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá aṣọ ọmọdé ni àbí ti àgbà.

Ohun kejì tó wà lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ nípa ẹni tó bí ta ni. Ilé olóbìnrin púpọ̀ pín sí ìdí ìdí, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Bí bàbá bá kú, ìdí-igi la sábà fi ń pín ogún, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ẹni tó bá lè dìde láàárín ìpàdé kó sọ pé lágbájá kì í ṣe ti ìdí yìí, ìdí ọ̀hún ni, ó ti gbé oko kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Yèyé tó wẹ gbogbo ọmọ ilé láti ọjọ́ ìkómọ mọ èyí tí oṣù oyún rẹ̀ kò pé. Jẹ́ kó mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kó sọ ọ́. Ìgbà tí ó bá sọ ọ́ ni agbára rẹ̀ tán.

Owó ni ìkẹta, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ìbọn àti ẹ̀tù tó kó fún àwọn ọmọ ogun ló ṣáájú oyè yẹn. Ìtàn tìrẹ náà lè ní ọjà. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà mú láàárín etí òkun àti àwọn ìlú òkè, ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà sì kún fọ́fọ́. Jẹ́ kí Yèyé ní ọkọ̀ ojú omi méjì níbẹ̀, kó sì ní ìwọ̀fà. Ó tó.

Bí o bá ṣì fẹ́ fi oyè kan sí i lára, fi í ṣe Erelú nínú Òṣùgbó. Obìnrin ní ipò tirẹ̀ níbẹ̀; edan pàápàá, ère idẹ wọn, akọ àti abo ni, ẹ̀wọ̀n kan ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí o bá dé inú ilédì, ilé ìpàdé wọn, ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹkàwé. Àwa tí a ń gbé níta kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìtàn rẹ kò sì ní pàdánù nǹkan kan bí kò bá sọ ọ́. Kàn jẹ́ kó jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń jà lé lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti parí.

O béèrè nípa àjẹ́. Má ṣe é. Ó rọrùn jù, lákọ̀ọ́kọ́: gbogbo obìnrin tó lówó, tó dàgbà, tí kò sì rẹ́rìn-ín lásán, àjẹ́ ni nínú fíìmù wa, ó ti sú ènìyàn. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ìyá arúgbó gidi ń jìyà orúkọ yẹn lónìí, n kò sì fẹ́ kí ìwé rẹ fi kún un. Jẹ́ kí àwọn ènìyàn inú ìtàn sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tí kò rí aṣọ gbà ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ìwọ tó ń sọ ìtàn má ṣe gbè é lẹ́sẹ̀ rárá.

Bí o bá ń wá àwòkọ́ṣe fún obìnrin tí ọlá rẹ̀ kò nílò ariwo, Rẹ́mọ ni kí o lọ. Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá 1915, oníṣòwò aṣọ. 1963 ni wọ́n rán ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Lọ́dún yẹn náà ni Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò. Ọkọ kò jáde títí di oṣù kẹjọ 1966. Ilé kò tú, òwò kò tú, ẹgbẹ́ òṣèlú náà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, ọ̀pọ̀ òṣèlú tó fẹ́ du ipò nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ kí Màmá, títí ó fi kú ní oṣù kẹsàn-án 2015, tó ku oṣù méjì kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọn kò dìbò yàn án sí ipò kankan. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí o bá fẹ́ mọ bí ìyá ṣe ń jẹ gàba láì pàṣẹ, ronú nípa olóṣèlú tó ti múra tán láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tó wá jókòó sí pálọ̀ ẹlòmíràn, tó ń dúró kí wọ́n pè é wọlé.

Ó ku ibi tí ọwọ́ Yèyé kò tó. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù, o kò sì kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lo fi ìtàn sí, Ìjẹ̀bú ló sì ni ọdún òrìṣà Agẹmọ. Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, Tami láti Òdógbolú jẹ́ olórí wọn, wọ́n ń ti ìlú wọn bọ̀ wá péjọ sí Ìmọ̀sàn. Bí wọ́n bá ń kọjá, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n. Obìnrin kankan. Òfin náà kò béèrè ìyàwó ta ni, kò béèrè aṣọ mélòó lo ti hun. Gbogbo obìnrin ilé á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, Yèyé náà á wọlé, á ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn, ilé wà lọ́wọ́ ta ni? Gbogbo ọdún ni àwọn ọmọkùnrin ilé ti ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan. Àwọn nìkan ló wà níta báyìí. Ìbàdíàrán ti sọ̀ kalẹ̀ látẹ̀yìnkùlé wá, kò mutí lọ́jọ́ yẹn. Olùra ilẹ̀ ti padà dé. Yèyé ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ń gbọ́ ohùn, ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì lè ṣí fèrèsé. Bí òfì rẹ̀ bá wà nínú yàrá náà, ó lè máa hun. Bí o bá fi ìgboyà kọ orí yẹn, kí o má jẹ́ kó fi idán kankan yọ ara rẹ̀, òǹkàwé á rí bí ó ti tóbi tó lójú kan náà tí wọ́n rí òpin agbára rẹ̀. Má jẹ́ kó ṣẹ̀ sí òfin náà o. Akọni tó ń tẹ gbogbo èèwọ̀ lójú, ọmọdé ló ń gbádùn rẹ̀.

Yàrà tí mo dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ Yèyé àti Ìbàdíàrán, Erédò Ṣùngbọ́ ni mo ní lọ́kàn. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20, igbó ti bo ó, èéhù ti hù sára ògiri rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní opó olówó kan tí kò bímọ, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí wọ́n má bàa gbàgbé òun, Òkè-Ẹ̀rì sì ni wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà. Àwọn kan ń sọ pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Fún ìwọ tó ń kọ ìtàn onídán, opó tí kò bímọ tó wá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ fún un tó ohun àmúlò. Fi oko ìdílé náà sí ẹ̀bá rẹ̀. Kí àwọn ọmọ máa ṣeré níbẹ̀, kí Yèyé máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ikú rẹ̀ wá. Kò di dandan, ṣùgbọ́n bí o bá máa pa á, má fi ogun pa á, má sì jẹ́ kí ọ̀tá láti ìlú mìíràn wá borí rẹ̀. Wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Ìbàdàn. Ààrẹ Látòósà rọ̀ ọ́ lóyè Ìyálóde ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1874. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́, kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ó san owó, ó bẹ̀bẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn parí sí ni inú ilé tirẹ̀: wọ́n gba ọ̀dọ̀ Kúmúyílò, ẹni tó fi ṣọmọ, ẹrú rẹ̀ méjì sì gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá tó sùn sí ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú lórí ìkúnlẹ̀ tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ibi tó ń sùn ni wọ́n mọ̀. Àjà ilé ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó ń bọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Nínú ìtàn tìrẹ, ẹni tó lè pa Yèyé ni ẹni tó mọ ibi tó ń fi aṣọ tó hun fún ara rẹ̀ pa mọ́ sí, bó bá hun ọ̀kan fún ara rẹ̀ rí. Èyí ni kí o kọ́kọ́ pinnu. Bí kò bá hun ọ̀kan rí, tó jẹ́ pé láti ọgọ́ta ọdún tí aṣọ ti ń jáde, kò sí ọdún tó kan òun fúnra rẹ̀, ó lè kú sórí ẹní rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ilé sì dàrú fún ìdí tó yàtọ̀ pátápátá: aṣọ kan ló kù lórí òfì, ìdajì ló hun dé, kò sì sọ ti ta ni.

Kọ orí Agẹmọ ná kí o tó fọwọ́ kan ìparí. Fi í ránṣẹ́ sí mi bó bá ti yá, má sì dúró dìgbà tó bá dán.